Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Omi Eérú

Òórùn ọṣẹ dúdú ni ó kọ́kọ́ pàdé mi nígbà tí mo ṣí àpótí ìyá àwọn ọmọ mi lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀. Àwọn aṣọ rẹ̀ wà ní kíká bí ó ṣe máa ń ká wọn, nísàlẹ̀ wọn pátápátá ni mo sì ti rí odidi ọṣẹ kan tí ó fi ewé gbígbẹ wé, èyí tí ó kẹ́yìn nínú àwọn tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè. Mo gbé e sí imú. Lójú ẹsẹ̀, mo ti kúrò nínú yàrá náà, mo ti wà ní ẹ̀yìnkùlé ìyá ìyá mi ní Ọ̀kà, níbi tí èéfín igi tútù, òórùn àdín gbígbóná àti ti eérú tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn ti máa ń dà pọ̀ mọ́ ara wọn, tí ìkúùkù òwúrọ̀ a sì bo orí àwọn àpáta bí òwú tí a gbọ̀n. Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin wa àgbà tí ó wà lọ́dọ̀ mi gbójú sókè, ó wò mí, nítorí kò tíì sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín nínú yàrá náà láti ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀. N kò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé fún un. Ìwọ ni n ó ṣàlàyé fún, ọ̀rẹ́ mi, nítorí ìwọ náà jókòó lórí irú bẹ́ǹṣì ilé ẹ̀kọ́ tí mo jókòó lé nígbà èwe mi, o sì mọ bí ó ti ń dun ènìyàn ní ìdí.

Àwọn òyìnbó kò tíì pẹ́ púpọ̀ ní Àkókó nígbà tí mò ń sọ yìí. Bí ajẹ́lẹ̀ bá ń kọjá, ìlà àwọn tí ó ru ẹrù rẹ̀ a máa gùn láti orí òkè dé ìsàlẹ̀, àwa ọmọdé a sì máa ka àpótí wọn. Kò sí háísíkúù kankan nítòsí. Èyí tí a gbọ́ nípa rẹ̀ wà ní ìlú kan tí ó tó ìrìn ọjọ́ mẹ́rin. Ohun tí a ní ní Ìkàrẹ́ ni ilé ẹ̀kọ́ ìjọ kan tí wọ́n fi koríko bò, tí wọ́n sì fi kíláàsì méjì kún ní ẹ̀yìn, fún àwọn tí ó bá fẹ́ múra sílẹ̀ fún háísíkúù náà. Àwa mẹ́rin péré ni a wà níbẹ̀. Wọ́n kọ́ wa ní ìṣirò, wọ́n kọ́ wa ní èdè òyìnbó, wọ́n sì kọ́ wa ní èyí tí gbogbo ayé ń pè ní sáyẹ́ǹsì báyìí. Tíṣà wa, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ti ìhà Ẹ̀gbá wá, ní àpótí onígi kan tí ó ń tì ní kọ́kọ́rọ́. Àtùpà kékeré kan, àrọ kan tí wọ́n fi dígí ṣe, irin kan tí ó ń fa abẹ́rẹ́, àti ife dígí mẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀. Nítorí kí wọ́n má baà fọ́, kì í jẹ́ kí a fọwọ́ kàn wọ́n. A ń wò wọ́n ni, a sì ń kọ ohun tí ó bá pè fún wa sínú ìwé.

Ọmọ ilé kéwú ni èmi kí n tó dé ibẹ̀. Bàbá mi, tí ó ń ta aṣọ òfì lọ sí ìhà Lọ́kọ́jà, kò fẹ́ràn ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ẹni tí yóò lè bá àwọn òyìnbó ka ìwé, ó sì ti bá tíṣà ṣe àdéhùn pé èmi kò ní bá wọn kọrin ìjọ. Bí mo ṣe kọ́ kéwú, bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe kọ́ sáyẹ́ǹsì. Mo máa ń jókòó kóńkó sí ẹ̀yìn ilé, mo máa ń mi ara síwájú sẹ́yìn, mo máa ń ké ìwé náà lóhùn rara títí yóò fi wọnú orí mi, ọ̀rọ̀ kan kò sì ní jábọ́ níbẹ̀. Má ṣe rò pé mò ń bú ilé kéwú. Àfáà wa kì í jẹ́ kí a fọ wàláà wa, pátákó tí a fi ń kọ́ kéwú, títí ohun tí ó wà lára rẹ̀ yóò fi dá wa lójú, ìwà yẹn sì wúlò fún mi títí di òní. Àṣìṣe tèmi ni pé mo rò pé ohun tí ó bá ti wà lẹ́nu mi ti yé mi. Nínú àwa mẹ́rin, kò sí ẹni tí ó lè ké ìwé bíi tèmi. Tíṣà a máa mú mi dúró níwájú kíláàsì kí n ké e fún àwọn àlejò. Inú mi a máa dùn, n ó sì máa wo àjà bí mo ti ń ké e.

Nígbà tí ó yá, alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ dé, òyìnbó arúgbó kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ẹni tí ó bá yege lọ́dọ̀ rẹ̀ ni yóò lọ sí háísíkúù. Ó gbé àwo kan síwájú mi, ó da iyanrìn àti iyọ̀ tí ó ti pò pọ̀ sínú rẹ̀, ó ní kí n ya èkínní kúrò lára èkejì. Mo dìde dúró ṣánṣán. Mo ké ojú ewé kọkànlélógún láti òkè dé ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ nípa ohun tí ó ń yòrò nínú omi àti ohun tí kì í yòrò. N kò gbàgbé ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ọkùnrin náà dúró kí n ṣe tán, ó tún nawọ́ sí àwo náà. Mo rò pé kò gbọ́ mi dáadáa. Mo tún un ké, ní ohùn òkè.

Ìgbà náà ni àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, "Wàláà! Wàláà ń sọ̀rọ̀!" Láti ọjọ́ náà, orúkọ mi di Wàláà.

Àwọn méjì yege. Èmi àti ọmọ ìlú Àfìn kan ni kò yege. Alábẹ̀wò náà sọ fún tíṣà pé òun yóò tún gba Ìkàrẹ́ kọjá lẹ́yìn ìsinmi, pé òun yóò sì tún wo àwa méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá mi kò nà mí, kò sì bú mi. Ó ń di ẹrù aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí mo sọ fún un, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ìwé òyìnbó ni o ní o fẹ́ kà, mo sì jẹ́ kí o kà á," ni ó wí. "Bí ọkùnrin yẹn bá padà dé, tí ó bá tún rí bẹ́ẹ̀, ìdajì ẹrù yìí ni tìrẹ. Orí rẹ ti tó láti rù ú." Mo wo ẹrù náà. Ó ga jù mí lọ.

Ìyá mi ni ó ní kí n lọ lo ìsinmi náà ní Ọ̀kà, lọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀, bóyá ibẹ̀ yóò pa rọ́rọ́ fún mi láti kàwé. Mo gba Àkùngbá kọjá pẹ̀lú ìwé mi nínú àpò, àsìkò iṣu tuntun ni, gbogbo ọ̀nà ni ó ń rùn fún iṣu sísun. Ọ̀kà kò pa rọ́rọ́ rárá. Ọṣẹ ni ìyá àgbà ń sè, láti òwúrọ̀ ni ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sì ti máa ń kún fún ariwo igi lílà àti ẹrín. Ó ní ọmọbìnrin kan tí ó ń bá a ṣiṣẹ́, ọmọ ilé kejì, ẹgbẹ́ mi. Eérú a máa wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ nígbà gbogbo, ẹyinjú rẹ̀ a sì máa wo ènìyàn láìyẹ̀. Èdè Ọ̀kà ni ó ń sọ, ó sì ń fi tiwa ti Ìkàrẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Yorùbá inú ìwé ni mo fi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbí kí ó lè yé gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n bí ó bá jáde lẹ́nu rẹ̀, ó máa ń dùn ju báyìí lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sábẹ́ igi ọ̀ro, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mi ara, mo ń ké ìwé mi. Ọmọbìnrin náà gbé agbọ̀n eérú kalẹ̀.

"Ọmọ Ìkàrẹ́, ta ni ò ń bá jà?"

"Ìwé ni mò ń kà."

"Kí ni ìwé náà wí?"

Mo ké e fún un ní èdè òyìnbó, tí ó dùn, tí ó ń yí kíri. Ó dúró jẹ́ẹ́, ó gbọ́ ọ tán.

"Mo ní, kí ni ó wí?"

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké e láti òkè. Ọmọbìnrin náà gbé agbọ̀n rẹ̀. "Kò tíì bá ọ sọ̀rọ̀ nìyẹn," ni ó wí, ó sì lọ.

Ìyá àgbà tí ó ń fẹ́ iná gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ọkọ mi," ni ó wí, "ẹni tí ohùn rẹ̀ pọ̀ tó báyìí, ọwọ́ rẹ̀ náà yóò ní agbára. Wá pọn omi."

Bí mo ṣe bọ́ sínú iṣẹ́ ọṣẹ nìyẹn. Òfin kan wà ní ẹ̀yìnkùlé náà tí n kò rí irú rẹ̀ rí níbikíbi. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀ láìkọ́kọ́ sọ ọ́ sókè, kí ìyá àgbà gbọ́: ohun tí ó fẹ́ ṣe, ohun tí ó rò pé yóò ṣẹlẹ̀, àti ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó ṣe é. Bí ó bá rí bí ó ti wí, ó dára. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò sọ ọ́ síta pé kò rí bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn yóò sì jọ wá ìdí rẹ̀. Ìkòkò àdín ńlá kan ti bàjẹ́ rí, kí wọ́n tó bí mi, nítorí ẹnìkan da ohun kan sí i láìronú, ó sì dákẹ́ nígbà tí ó rí i pé ó ti bàjẹ́. Ìyá àgbà kò gbàgbé. "Ẹni tí ó bá ṣì í ṣe kò ṣẹ̀ mí," ni ó máa ń wí. "Ẹni tí ó bá dákẹ́ ni kó kúrò nídìí iná mi." Mo ti gbọ́ òfin náà dáadáa. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn alọ́ṣẹ ni, pé kò kan akẹ́kọ̀ọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ìyá àgbà wà nínú ilé, ọmọbìnrin náà ń ṣa igi. Àkókò ìrun àlàásárì ti tó, omi mi sì ti tán. Ó kù díẹ̀ kí n lọ pọn òmíràn ni mo rí àjẹrẹ, ìyẹn ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí, tí wọ́n gbé ka orí ìkòkò kan. Koríko wà nínú rẹ̀, eérú wà lórí koríko, omi tí wọ́n dà sórí eérú láti òwúrọ̀ sì ti ń kán tó, tó, tó, bọ́ sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Mo yọjú wò ó. Omi náà mọ́ kedere, àyàfi pé ó pọ́n díẹ̀. Mo rántí ojú ewé kan nínú ìwé mi: bí omi ìdọ̀tí bá kọjá nínú asẹ́, ìdọ̀tí yóò dúró lókè, omi mímọ́ yóò bọ́ sísàlẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé sáyẹ́ǹsì wúlò lóòótọ́. Mo bu omi náà sínú igbá, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ àlùwàlá.

Nígbà tí mo fọ ọwọ́, ó ń yọ̀ tẹ̀rẹ́, bí ẹni pé mo fọwọ́ kan ilá. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ka ìwé ni mí. Mo bu ú sẹ́nu láti yọ ẹnu.

N kò lè ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ọ. Ó dà bí ìgbà tí ẹgbẹ̀rún ìjàlọ bá dé sórí ahọ́n ẹni lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tu ú dànù, mo fò sókè, mo ń sáré yí igi ọ̀ro ká. Ọmọbìnrin náà ju igi sílẹ̀, ó sáré dé, ó rí igbá lọ́wọ́ mi, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ẹrín. Ìyá àgbà jáde, ó fi omi tútù fọ ẹnu mi léraléra, ó wá da epo pupa sí i, ó ní kí n máa yí i kiri inú ẹnu, kí n má gbé e mì. Epo àti omi eérú tí ó ṣẹ́ kù pàdé ara wọn lẹ́nu mi. Ìfófòó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ẹ̀gbẹ́ ètè mi.

"Ìyá! Ìyá, ẹ wò ó!" ọmọbìnrin náà kígbe. "Ó ti ń di ọṣẹ!"

Ìyá àgbà náà kò lè dúró mọ́, ó di òpó mú. Nígbà tí ẹrín wọn rọlẹ̀, ọmọbìnrin náà nu ojú rẹ̀, ó bi mí ní ìbéèrè tí ó tún ayé mi ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà. "Ọmọ Ìkàrẹ́, o kò sọ kí o tó ṣe. Ó dára, sọ ọ́ báyìí. Eérú wà lókè, omi wà nísàlẹ̀. Kí ni ó wá bù ọ́ jẹ?"

Mo jókòó tí epo ń kán ní àgbọ̀n mi, mo sì ń wo àjẹrẹ náà. Èérún eérú dúró lókè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ti inú eérú yẹn yòrò, ó ti bá omi kọjá nínú koríko, ojú kò sì lè rí i. Lójijì, ojú ewé kọkànlélógún, tí mo ti ké ní àìmọye ìgbà, dìde lórí mi, ó sì bá mi sọ̀rọ̀. Ohun tí ó yòrò yóò bá omi kọjá. Ohun tí kò yòrò yóò dúró. Iyọ̀ àti iyanrìn! Mo pariwo tí epo fi fọ́n sára ọmọbìnrin náà. Mo sáré wọ ilé ìdáná, mo bu iyọ̀ ìyá àgbà ní ẹ̀kúnwọ́, mo bu iyanrìn lójúde, mo pò wọ́n pọ̀.

"Iyọ̀ mi!" ìyá àgbà ké. "Ọmọ yìí ti ya wèrè!"

"Ẹ dúró, Ìyá, n ó sọ ọ́ kí n tó ṣe é!" Mo sì sọ ọ́, ní èdè ilé wa, pẹ̀lú ahọ́n tí ó ti bó: pé n ó da omi sí i, iyọ̀ yóò yòrò, iyanrìn kò ní yòrò, pé n ó dà á sórí aṣọ mímọ́, iyanrìn yóò dúró, iyọ̀ yóò bá omi kọjá, pé n ó gbé omi náà kaná nínú ìṣáasùn títí yóò fi gbẹ, iyọ̀ yóò sì kù nídìí rẹ̀. Ìyá àgbà wò mí títí. "Ó dára," ni ó wí. "Èyí tí o bá rí nídìí ìṣáasùn yẹn ni a ó fi se ọbẹ̀ òní. Bí iyanrìn bá wà níbẹ̀, ìwọ nìkan ni yóò jẹ ẹ́."

Ọ̀rẹ́ mi, mo ti jókòó síwájú oríṣiríṣi olùdánwò láti ìgbà náà wá. Kò sí èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ bà mí tó ti ìgbà tí ìyá àgbà fi ìka kan ọbẹ̀ náà, tí ó gbé e sẹ́nu, tí ó fi eyín ṣàyẹ̀wò rẹ̀ bóyá yóò dún kẹ́kẹ́. Ó gbé e mì. "Iyọ̀ ni," ni ó wí.

Láti ọjọ́ náà, òfin ẹ̀yìnkùlé di òfin ìwé mi. N kò ké ìwé mọ́. N ó ka ìwọ̀nba díẹ̀ ní òwúrọ̀, n ó pa ìwé dé, n ó sì lọ sọ ọ́ fún ọmọbìnrin náà ní èdè tí a fi ń pe omi àti iná. Bí kò bá yé e, ó máa ń wí láìtijú pé, "Kò tíì yé mi, tún un sọ," mo sì wá rí i pé ibi tí kò bá ti yé e ni kò ti yé èmi náà. Bí nǹkan náà bá jẹ́ ohun tí a lè ṣe, a ó sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, a ó ṣe é, a ó sì wò ó. Bí a kò bá lè ṣe é, n ó yà á sórí ilẹ̀ fún un. Àwọn ìbéèrè rẹ̀ kò ní òpin. Kí ló dé tí ìdérí ìkòkò fi ń sunkún nígbà tí ẹnikẹ́ni kò da omi sí i? Níbo ni omi ara aṣọ ń lọ bí ó bá gbẹ? Èyí tí n kò bá mọ̀, n ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé mi kí n lè bi tíṣà. Òun náà ní kí n kọ́ òun ní ìwé, ó sì ń fi èédú kọ a, b, d sára àpáàdì nígbà tí ọṣẹ bá ń hó. Inú mi dùn ní ìsinmi náà ju bí mo ti lè sọ lọ, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ẹrù aṣọ tí ó ń dúró dè mí.

Mo ti mọ̀ nígbà náà pé bí omi eérú bá ti le tó, ẹyin adìyẹ kì í rì nínú rẹ̀, ó máa ń léfòó, bẹ́ẹ̀ sì ni ti omi tí iyọ̀ bá pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹyin ni ìyá àgbà fi ń dán an wò. Ní òwúrọ̀ tí mò ń padà lọ, mo ń fọ́nnu fún ọmọbìnrin náà pé kò sí ohun tí òyìnbó yẹn lè gbé síwájú mi tí ẹyin kan kò ní tú àṣírí rẹ̀.

"Bí ẹyin bá rì ńkọ́?" ni ó wí.

"Kò ní rì."

"Mo gbọ́. Bí ó bá rì ńkọ́?"

Mo bínú, mo sì ń rò ó títí mo fi dé Àkùngbá.

Ní ọjọ́ ìdánwò, bàbá mi wá. Kò wọlé, ó dúró níta, ó fi ọwọ́ lé ògiri tí kò ga, ó ń wo inú. Alábẹ̀wò náà gbé ife dígí méjì kalẹ̀. Omi wà nínú wọn, méjèèjì sì mọ́ bákan náà. Tíṣà ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀: ohun kan ti yòrò nínú ọ̀kan, èkejì sì jẹ́ omi lásán; a gbọ́dọ̀ sọ èyí tí ó jẹ́, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án. Mo fi ahọ́n kan ètè mi. Ní tòótọ́, èmi ni kò nílò ìkìlọ̀ yẹn.

Ọmọ Àfìn ni ó kọ́kọ́ dìde. Ó gbóòórùn wọn, ó wò wọ́n lókè, ó wò wọ́n nísàlẹ̀, ó nawọ́ sí èyí tí ó wà lápá ọ̀tún. Wọ́n bi í bí ó ṣe mọ̀. "Ọkàn mi ló sọ fún mi, sà," ni ó wí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àti àwọn ọmọ kíláàsì kékeré tí ó wá wòran, àti alábẹ̀wò náà pàápàá.

Ó kàn mí. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ẹyin méjì.

"Wàláà fẹ́ jẹun!" ni ẹnìkan wí lẹ́yìn mi.

Ìyàwó tíṣà mú ẹyin méjì wá láti ìdí adìyẹ rẹ̀. Mo dúró, mo sì sọ ọ́ kí n tó ṣe é. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, nítorí Yorùbá ni ó fi yé mi, tíṣà sì ń sọ ọ́ fún òyìnbó náà: ẹyin yóò rì nínú omi lásán, yóò sì léfòó nínú èyí tí ohun kan bá ti yòrò sí. Mo fi ẹyin kìíní sí ife òsì. Ó rì. Mo fi ẹyin kejì sí ife ọ̀tún. Ó rì.

 Mo gbójú sókè, mo rí bàbá mi. Ó ti yọ ọwọ́ lórí ògiri. Ojú tì mí, ìfẹ́ sì wá sọ́kàn mi pé kí n ké ìwé, ohunkóhun, ojú ewé èyíkéyìí, kí ilé náà má ṣe dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohùn tí mo gbọ́ ni ti ọmọbìnrin Ọ̀kà: bí ó bá rì ńkọ́?

"Kò rí bí mo ti wí," mo sọ ọ́ síta. Tíṣà ṣiyèméjì kí ó tó túmọ̀ rẹ̀. "Mo rò pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀ tó láti gbé ẹyin. Bí omi eérú kò bá le tó, a máa ń gbé e kaná ni kí omi inú rẹ̀ lè dín kù. N ó bu omi yìí díẹ̀díẹ̀ sínú ṣíbí méjì, n ó gbé wọn sórí àtùpà. Bí omi bá gbẹ tán, ṣíbí kan yóò mọ́, nǹkan yóò sì kù lára èkejì. Bí kò bá sí nǹkan lára méjèèjì, a jẹ́ pé n kò mọ̀ ọ́n."

Tíṣà ṣí àpótí rẹ̀, ó gbé àtùpà náà lé mi lọ́wọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fọwọ́ kàn án. Ṣíbí kìíní gbẹ, ó mọ́. Èkejì hó, ó ta pàrà pàrà, ó gbẹ, nígbà tí mo sì yí i sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ohun funfun kan wà lójú rẹ̀ bí ìrì. Ife ọ̀tún ni. Ọkàn ọmọ Àfìn kò purọ́ fún un.

Alábẹ̀wò náà gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, ó wò ó. Ó bi tíṣà pé ta ni ó kọ́ mi láti sọ pé kò rí bí mo ti wí. Mo dáhùn pé àwọn alọ́ṣẹ ní Ọ̀kà ni. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó sì bọ̀ mí lọ́wọ́. Tíṣà ṣí ẹ̀yìn ìwé mi, ó ka àwọn ìbéèrè ọmọbìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní òun náà kò mọ ìdáhùn mẹ́ta nínú wọn. Èmi àti bàbá mi jọ rìn lọ sílé. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ó wo ẹrù aṣọ náà, ó mí kanlẹ̀. "Ta ni n ó wá gbé èyí rù báyìí?" ni ó wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo lọ sí háísíkúù náà. Mo padà wá, mo di tíṣà sáyẹ́ǹsì, mo sì gbé ọmọbìnrin Ọ̀kà ní ìyàwó, bí ìwọ náà ti mọ̀. N kò kọ́ kíláàsì kankan ní ohun kan tí n kò kọ́kọ́ sọ fún un lórí àpótí ìjókòó rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ó ti ń se ọṣẹ. Kò wọ kíláàsì rí, ó sì mọ ìgbà tí ẹ̀kọ́ mi kò bá tíì jinná. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń ka sáyẹ́ǹsì lónìí máa ń wá bi mí pé wákàtí mélòó ni kí àwọn máa fi kàwé lóòjọ́. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wá ẹnìkan tí kò ní tijú láti sọ pé kò yé òun, kí wọ́n sì fẹ́ràn ẹni náà. Wọ́n máa ń rò pé àwàdà ni.

Nígbà tí mo kọ èyí tán, mo gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé ní òwúrọ̀ òní. Àpótí ìjókòó náà ṣì wà níbẹ̀. Mo dúró síwájú rẹ̀, mo kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, mo sì dúró bí mo ti máa ń dúró dè é kí ó wí ibi tí kò bá ti yé e. Nígbà tí mo wọlé, mo pa gbólóhùn mẹ́ta rẹ́, mo sì tún wọn sọ.